Ìtọ́jú Ọpọlọ Ń Sún Mọ́ Ilé: Ohun Tí Ìwádìí Ìgbà Yìí Ń Sọ fún Àwa Ará Ìkòròdú

Bí àìsàn ọpọlọ bá kọlu ènìyàn ní Odógúnyán tàbí ní Ìjẹdẹ, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń tọ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn kan á kọ́kọ́ lọ sí ilé àdúrà, àwọn kan á lọ bá ààfáà, àwọn mìíràn á sì wá oníṣègùn ìbílẹ̀ tí wọ́n gbọ́ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí oṣù bá ti gorí oṣù, tí owó sì ti tán lọ́wọ́, ni ẹnìkan nínú ẹbí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ Yábàá. Wọn yóò wá gbé aláìsàn wọ ọkọ̀ ní gáréèjì Ìkòròdú, wọn yóò gba Mile 12 àti Kétu kọjá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, nígbà tí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá náà ń bẹ̀rù gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ń gbé e lọ ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1907, láyé ìjọba àmúnisìn, títí di òní olónìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé ibẹ̀ nìkan ni a ti lè tọ́jú ọpọlọ ní ìpínlẹ̀ Èkó.

Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ àti ìhùwàsí ẹ̀dá ti ṣe láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn kò fara mọ́ èrò yẹn mọ́. Púpọ̀ nínú rẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n ṣe láàárín àwa Yorùbá fúnra wa, ń tọ́ka sí pé a lè ṣe apá tó pọ̀ jù nínú ìtọ́jú yìí nítòsí ilé, lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò tí a kọ́ dáadáa, àti pé àwọn tí ẹbí ń kọ́kọ́ sáré lọ bá lè wà nínú ìtọ́jú náà bí àbójútó bá wà tí a kò sì fi ìyà jẹ aláìsàn. Ọ̀rọ̀ tó kan Ìkòròdú gbọ̀ngbọ̀n ni. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn tó lé ní 535,000 sí ìjọba ìbílẹ̀ wa, gbogbo ẹni tó bá sì ń gba ọ̀nà Agric tàbí Ìgbògbò kọjá mọ̀ pé a ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ìṣòro náà ti tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ ní ọdún 2025 pé àwọn tó ń bá àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn gbé lágbàáyé ti lé ní bílíọ̀nù kan. Ìwádìí tó ṣe pàtàkì jù lọ nílé tiwa ni èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2006, nínú èyí tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá àgbàlagbà 4,984 lẹ́nu wò lójúkojú ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti ń sọ èdè Yorùbá. Ìdá 12.1 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ti ṣe rí láyé wọn, ìdá 5.8 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sì ṣe láàárín ọdún kan ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n bi wọ́n léèrè. Èyí tó yẹ kó dun ẹnikẹ́ni tó bá kà á ni ọ̀rọ̀ àwọn tí àìsàn náà ti le fún débi pé kò jẹ́ kí wọ́n ráyè ṣe ohunkóhun: nǹkan bí ìdá 8 péré nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó rí ìtọ́jú gbà nínú ọdún náà. Àwọn yòókù wà nílé bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ṣe ìwádìí náà fúnra wọn sọ pé àwọn nọ́ńbà yìí kéré, àti pé bí wọ́n ṣe ṣàwárí àìsàn náà wà lára ohun tó fà á. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ìwádìí tí ń lọ láti ojúlé dé ojúlé kì í sábà bá ẹni tí wọ́n ti gbé lọ sí ilé àdúrà tàbí sí ilé oníṣègùn. Láti inú èyí ni mo fi rò pé ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n rí nínú ìwádìí náà pé ó gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kò lè jẹ́ gbogbo òtítọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú.

Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tó kan àwa ará Ìkòròdú ní tààràtà. Ìwádìí yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ẹnikẹ́ni rárá tí ó ní irú àìsàn tí ìpayà ńlá máa ń fi sílẹ̀ nínú ọkàn, nínú èyí tí ènìyàn ń tún ohun tó bà á lẹ́rù rí lójú oorun, tí ó ń ta gìrì bí ilẹ̀kùn bá dún, tí kò sì lè kọjá níbi tí ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó gbé ní Ìkòròdú ní ọdún 2016 àti 2017, nígbà tí àwọn Badoo ń wọlé pa odidi ẹbí lóru, tí àwọn ọkùnrin àdúgbò kò sùn nítorí ìṣọ́, tí àwọn aláìṣẹ̀ kan sì kú lọ́wọ́ èrò tó fura sí wọn, yóò ṣòro fún un láti gbà pé irú ìpayà bẹ́ẹ̀ kì í fi àpá sílẹ̀ lára Yorùbá. Òótọ́ ni pé wọ́n ti ṣe ìwádìí náà tipẹ́ kí ọ̀rọ̀ Badoo tó ṣẹlẹ̀, a kò sì lè fi ọ̀kan da èkejì nù. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́nà tí kò bá bí ènìyàn ṣe ń ro ìnira rẹ̀ mu, ẹni náà yóò dáhùn pé “rárá” sí ohun tó ń jẹ ẹ́ run nínú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Roger Makanjuola ti ṣe iṣẹ́ pàtàkì lórí èyí ní ọdún 1987, nígbà tó ṣàlàyé àwọn aláìsàn tó ń wá sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ohun tí àwọn fúnra wọn ń pè ní òde orí: nǹkan ń rìn nínú orí wọn, ó ń gba ara lọ, orí ń gbóná, ojú ń ṣú, oorun kò sì wá. Dókítà tí kò bá mọ̀ lè fi irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nítorí ibà tàbí táífọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní bi í bóyá ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Àwọn tó ń ta oògùn ní ọjà Sábo ń rí irú àwọn oníbàárà bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ní ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ wa, ti kọ̀wé láti ọdún 1960 nípa àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ìwé kò wọ orí wọn mọ́, tí orí ń ta wọ́n, tí ojú sì ń ro wọ́n bí ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé. Ó pè é ní brain fag. Àwọn olùwádìí ọmọ Nàìjíríà ti ń tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀wò láti ìgbà náà, wọ́n ń béèrè bóyá àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì lásán ni tàbí ohun tó dá dúró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti ìpínlẹ̀ Èkó tó wà níbí ní Ìkòròdú lè sọ bóyá ó ṣì wà.

Èyí gbé wa dé orí àríyànjiyàn tó ti mì ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá tìtì kárí ayé. Ní ọdún 2008, Jeffrey Arnett, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, yẹ àwọn ìwé àtìgbàdégbà mẹ́fà tó gbajúmọ̀ jù nínú ìmọ̀ náà wò, ó sì rí i pé ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí ló wá láti àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ìwọ̀ oòrùn ayé. Kò ju nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ènìyàn ayé lọ tó ń gbé níbẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Joseph Henrich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé tí ọ̀pọ̀ ti tọ́ka sí, wọ́n ní àwọn tí gbogbo ayé ń fi ṣe òṣùwọ̀n ọkàn ọmọ ènìyàn ni ìwà wọn yàtọ̀ jù sí ti àwọn yòókù. Lẹ́yìn èyí ni àwọn onímọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ èsì ara wọn wò: ní ọdún 2015, ẹgbẹ́ ńlá kan tí Brian Nosek ṣáájú tún 100 ìwádìí ṣe. Níbi tí ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìwádìí àkọ́kọ́ ti ní èsì tó dúró lójú ìṣirò, ìdá 36 péré ló tún dúró nígbà tí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Láti ìgbà náà, ó ti di àṣà láàárín àwọn olùwádìí tó mọ iṣẹ́ wọn níṣẹ́ láti kọ ohun tí wọ́n fẹ́ wò sílẹ̀ ní gbangba kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àti láti lo ènìyàn púpọ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Harare àti ní Kumasi yẹ kó wúwo lójú wa ju èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní òkè òkun lọ.

Ní Harare, olú ìlú Zimbabwe, Dixon Chibanda tí ó jẹ́ dókítà ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 2006 ní Mbare, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù. Àwọn ìyá àgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ ìlera ní àdúgbò náà ni wọ́n kọ́. Ẹni tí ìrònú bá pọ̀ jù fún yóò bá ìyá náà jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní àgbàlá ilé ìwòsàn, yóò tú ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde, ìyá náà yóò sì ràn án lọ́wọ́ láti yan ìṣòro kan ṣoṣo nínú gbogbo rẹ̀ tí ó ṣeé kọ́kọ́ dojú kọ, kí wọ́n sì jọ gbèrò ìgbésẹ̀ tó kàn. Nígbà tí wọ́n dán an wò pẹ̀lú àgbàlagbà 573 ní ilé ìwòsàn 24, tí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2016, ìdá 13.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó bá àwọn ìyá náà sọ̀rọ̀ ni àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣì wà lára wọn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Láàárín àwọn tí kò bá wọn sọ̀rọ̀, ìdá 49.9 ni. Ní Pakistan náà, ìwádìí tí Atif Rahman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2008 lo àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera abúlé fún àwọn ìyá tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá nígbà oyún. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí wọ́n bímọ, ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ìrẹ̀wẹ̀sì ṣì wà lára wọn, nígbà tí ó jẹ́ ìdá 53 láàárín àwọn ìyá tí òṣìṣẹ́ bẹ̀ wò láìlo ọ̀nà náà.

Mo ń ronú nípa àwọn ìyá tí ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ ní ọjọ́ àjẹsára ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé wa. Nọ́ọ̀sì ti wà níbẹ̀, ìyá ti wà níbẹ̀, káàdì sì ti wà lọ́wọ́. Wọn yóò wọn ọmọ, wọn yóò béèrè bóyá ó ń mu ọyàn dáadáa. Ẹni tí yóò bi ìyá náà bóyá òun fúnra rẹ̀ ń sùn, bóyá ó ń sunkún nígbà tí kò sí ẹnìkan nítòsí, ni kì í sábà sí. Àwọn ìbéèrè tí a lè fi ṣe é kò ṣòro: ọ̀kan tó gbajúmọ̀ jù, PHQ-9, jẹ́ ìbéèrè mẹ́sàn-án péré nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, Abiodun Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti yẹ̀ ẹ́ wò láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Nàìjíríà láti ọdún 2006, wọ́n sì rí i pé ó ṣeé gbára lé.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí kò rọrùn pẹ̀lú. Nígbà tí Gureje àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dán ìtọ́jú onípele wò, èyí tí ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó rọrùn tí ó sì ń gòkè bí aláìsàn kò bá gbádùn, fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé ní Nàìjíríà, tí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2019, ìhà tí wọ́n ti lo ọ̀nà tuntun náà kò ṣe dáadáa ju ìhà kejì lọ. Ẹni tó bá kà á kánkán lè sọ pé ìwádìí náà já sí òfo. Ṣùgbọ́n ìhà kejì yẹn kì í ṣe ìhà tí a pa tì: àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ náà ti gba ẹ̀kọ́ láti inú ìwé ìtọ́nisọ́nà ti mhGAP, ètò tí WHO bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008 kí òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà ọpọlọ lè máa tọ́jú àìsàn ọpọlọ; Nàìjíríà sì ti tún ìwé náà ṣe kó bá ilẹ̀ wa mu. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ní ìhà méjèèjì ló gbádùn. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé bí a bá ti kọ́ nọ́ọ̀sì àdúgbò láti dá àìsàn náà mọ̀, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ bí ìwé ti wí, apá tó tóbi nínú iṣẹ́ náà ti parí. Ohun tí a bá tún fi kún un lẹ́yìn ìyẹn gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí ìwúlò rẹ̀ hàn kí a tó ná owó lé e lórí.

Ní ìpínlẹ̀ Èkó níbí, Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wádìí ọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ lọ́wọ́ àgbàlagbà tó lé ní 11,000 káàkiri ìpínlẹ̀, wọ́n sì ti dán ìtọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì wò nínú àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé lábẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní MeHPriC. Lára ohun tí wọ́n gbìyànjú ni pípe aláìsàn lórí tẹlifóònù láti rán an létí oògùn rẹ̀ àti láti béèrè àlàáfíà rẹ̀. Fún ẹni tó ń gbé ní Báyékù tàbí ní Ìmọ́tà, tí owó ọkọ̀ lọ àti bọ̀ ti tó ohun tí a fi ń jẹun lóòjọ́, ìpè ìṣẹ́jú márùn-ún lè jẹ́ ohun tí kò ní jẹ́ kó dá ìtọ́jú dúró láàárín ọ̀nà.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú ní àdúgbò bí ohun tuntun tí ó ti òkè òkun dé, a ń gbàgbé ìtàn ara wa. Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti ń ṣe é ní Aro láti ọdún 1954. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ó ní kí ìbátan kan tẹ̀ lé aláìsàn wá kó máa tọ́jú oúnjẹ rẹ̀, ọ̀sán ni wọ́n ń wá gba oògùn, alẹ́ ni wọ́n ń padà sínú ilé tí ọmọdé ti ń ṣeré tí àgbà sì ń sọ̀rọ̀. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú, nígbà tí ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà náà kò lè gbọ́ ọ sétí. Ní ọdún 1961 ni àwọn dókítà ọpọlọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe ìpàdé àpapọ̀ wọn àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta, ìlú Lambo. Nígbà tí WHO sì ṣe ìwádìí ńlá nípa àìsàn ọpọlọ tó le ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, Ìbàdàn wà lára àwọn ibi tí àwọn aláìsàn ti gbádùn ju ti àwọn ìlú ọlọ́rọ̀ lọ. Àwọn olùwádìí òde òní ti kìlọ̀ pé kí a má fi èsì yẹn yangàn jù, nítorí pé kì í ṣe gbogbo aláìsàn tó wà ní orílẹ̀-èdè tí kò lówó ló rí ẹbí tó dúró tì í. Ìkìlọ̀ tó tọ̀nà ni, pàápàá fún Ìkòròdú tòní, níbi tí yàrá kan ti ń gba ènìyàn márùn-ún, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì ti fi ẹbí sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti wá.

Ìwádìí tí mo kà sí èyí tó ṣe pàtàkì jù fún wa jáde ní ọdún 2020, lábẹ́ orúkọ COSIMPO. Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn ẹlẹ́sìn tí ń tọ́jú aláìsàn ọpọlọ ní agbègbè Ìbàdàn, àti ní Kumasi ní orílẹ̀-èdè Ghana. Aláìsàn 307 tí àìsàn wọn le, tí wọ́n ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ tàbí tí wọ́n ń rò pé ènìyàn ń lépa wọn, ni wọ́n tẹ̀ lé. Ní ìhà kan, òṣìṣẹ́ láti ilé ìwòsàn alábọ́dé máa ń lọ bá aláìsàn nínú ilé oníṣègùn náà, á fún un ní oògùn, á yẹ ara rẹ̀ wò, òun àti oníṣègùn á sì jọ fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe tọ́jú rẹ̀ láìfi ìyà jẹ ẹ́. Ní ìhà kejì, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn tó wà ní ìhà àkọ́kọ́ gbádùn ju àwọn tó wà ní ìhà kejì lọ, lọ́nà tó hàn gbangba. Ìwà ìkà bí dídè mọ́lẹ̀ àti nínà dínkù gidigidi, ní ìhà méjèèjì pàápàá, bóyá nítorí pé àwọn oníṣègùn náà mọ̀ pé ojú kan ń wò wọ́n.

Àwọn kan á sọ pé bíbá àwọn wòlíì àti oníṣègùn ṣiṣẹ́ pọ̀ dà bí ìgbà tí a fi ọwọ́ sí ohun tí wọ́n ń ṣe. Mo lóye ìbẹ̀rù náà, nítorí pé ohun tí àwọn kan ń ṣe burú jáì. Ní November ọdún 2019, àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn Human Rights Watch tẹ àbájáde ìbẹ̀wò wọn sí ibi ìtọ́jú 28 ní Nàìjíríà jáde: wọ́n bá àwọn ènìyàn tí wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè mọ́lẹ̀, àwọn tí wọ́n nà, àwọn tí wọ́n fi ebi pa. Kì í sì ṣe ilé ẹ̀sìn nìkan ni wọ́n ti bá èyí. Ó wà ní àwọn ibi tí ó jẹ́ ti ìjọba pẹ̀lú. Nínú oṣù kan náà ni ọlọ́pàá kó ènìyàn tó lé ní 250 jáde ní ilé ìtúnwàṣe kan ní Ọ̀jọ́ọ̀ ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ilé kan pa láìsí ibi tí ẹbí yóò gbé aláìsàn lọ, ilé mìíràn ni yóò ṣí ní ìkọ̀kọ̀. Ẹbí tó gbé ọmọ wọn lọ síbẹ̀ kò kórìíra ọmọ náà. Agara ló dá wọn, kò sì sí ẹni tó fi ọ̀nà mìíràn hàn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ oògùn olóró kò ṣeé yọ kúrò nínú èyí. Ìwádìí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe ní ọdún 2017, tí àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí oògùn olóró ṣagbátẹrù rẹ̀, sọ pé ènìyàn mílíọ̀nù 14.3 ní Nàìjíríà ló lo oògùn olóró tàbí ṣi oògùn lò nínú ọdún kan. Ìpínlẹ̀ Èkó ló ga jù, pẹ̀lú ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64. Igbó, tramadol àti òògùn ikọ́ tó ní codeine wà lára ohun tí wọ́n ń lò. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí a ń sọ pé ayé ló ṣe é, oògùn wà nínú ọ̀ràn rẹ̀; ẹlòmíràn sì wà tí àìsàn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, tí ó wá ń fi oògùn pa ìnira rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ọ̀kan gbọ́dọ̀ béèrè nípa èkejì láìbá a jà.

Apá tí ariwo pọ̀ sí jù lónìí nínú ìwádìí náà ni ti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ bí olùgbaninímọ̀ràn. Àwọn olùwádìí ilé ẹ̀kọ́ gíga Dartmouth ní Amẹ́ríkà tẹ èsì ọ̀kan jáde ní ọdún 2025, lẹ́yìn tí wọ́n dán an wò pẹ̀lú àgbàlagbà 210. Àmì ìrẹ̀wẹ̀sì dínkù ní ìdajì lára àwọn tí ó lò ó, bí a bá wo gbogbo wọn pọ̀. Èsì tó wúni lórí ni, àmọ́ Amẹ́ríkà ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, àwọn onímọ̀ sì ń ṣọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ náà ń sọ. Èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni ní Ìkòròdú nímọ̀ràn láti fi ẹ̀rọ tí kò sí lábẹ́ irú ìṣọ́ bẹ́ẹ̀ rọ́pò ènìyàn.

Ní ti òfin, ìyípadà ńlá ti dé. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní January ọdún 2023 rọ́pò òfin àtijọ́ tí gbòǹgbò rẹ̀ wà láti ọdún 1916, èyí tí ó ń wo aláìsàn bí ẹni tí a gbọ́dọ̀ tì mọ́lé. Òfin tuntun náà fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti mọ irú ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́ fún un àti láti lóhùn sí i, ó lòdì sí kí a yọ ọ́ níṣẹ́ tàbí kí a lé e kúrò nílé nítorí àìsàn rẹ̀, ó sì ní kí ẹ̀ka kan wà ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìlera tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ ti ọpọlọ nìkan. Ìwé òfin ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀ ṣì ní ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀; òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti yàtọ̀ síyẹn, ó ní kí ilé ẹjọ́ fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn. Ó yẹ kí gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ní Ìkòròdú mọ ìyàtọ̀ yìí, nítorí pé ẹbí tó bá ń bẹ̀rù ọlọ́pàá yóò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ títí yóò fi pẹ́ jù.

Àwọn dókítà ọpọlọ tó wà ní Nàìjíríà kò tó 300 fún ènìyàn tó lé ní 200 mílíọ̀nù, gẹ́gẹ́ bí àwọn aṣáájú wọn ti ń sọ léraléra, ọ̀pọ̀ sì ń rìn lọ sí òkè òkun. Kò sí bí a ṣe lè ní dókítà ọpọlọ kan ní Ìmọ́tà, kí òmíràn wà ní Ìjẹdẹ, kí òmíràn tún wà ní Ìgbògbò. Ohun tí a lè béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú àti àwọn ìjọba ìdàgbàsókè márùn-ún tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣe pàtó: ó kéré tán, kí òṣìṣẹ́ méjì wà ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ mhGAP, kí oògùn tí ó wà nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà mhGAP má ṣe wọ́n níbẹ̀, kí dókítà ọpọlọ kan máa bẹ̀ wọ́n wò tàbí kí ó wà lórí tẹlifóònù fún wọn, kí a sì ní àkọsílẹ̀ gbogbo ilé àdúrà àti ilé oníṣègùn tí aláìsàn ọpọlọ ń gbé, kí òṣìṣẹ́ ìlera lè máa wọlé síbẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Fún ẹbí tí ó ní aláìsàn nílé ní báyìí, kí wọ́n má ṣe dúró de gbogbo èyí. Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìkòròdú ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, kí dókítà lè mọ̀ bóyá ibà, ìtọ̀ ṣúgà tàbí oògùn kan ló fà á, kí ó sì kọ ìwé fún wọn bí ọ̀rọ̀ náà bá gba Yábàá. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù tẹ̀ lé e, kí ó sọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, bí ó ṣe ń sùn, ohun tí ó ti mu títí kan àgbo, àti bóyá ó ti sọ̀rọ̀ nípa ikú rí. Bí ó bá ti sọ ọ́, kí wọ́n má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kódà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, títí wọn yóò fi dé ọ̀dọ̀ dókítà.